Bí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe lè máa mu omi tó kí ara fi lè fúyẹ́

Aago kan ti kọjá díẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, AC ń fẹ́ sí mi lórí, mo ti jẹ mítì páì kan, mo ti da máàtì tútù lé e, mo sì tún ń ronú ohun tí mo máa rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀pà nísàlẹ̀. Ike omi tí mo gbé wá láti ilé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, mi ò tíì já ìdérí ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá wa tún ọ́fíìsì ṣe gbé e kúrò kó lè nu tábìlì, ló bá ní, "Àǹtí, omi yìí ti wà níbí látọjọ́ Mọ́ńdè o, ṣé kí n bá yín dà á nù ni?" Mo ní kó fi sílẹ̀. Nígbà tó lọ tán ni mo wá ń ka ohun tí mo ti mu láti ìgbà yẹn: máàtì mẹ́ta, ẹlẹ́rìndòdò méjì, tíì oníṣúgà mẹ́rin àbí márùn-ún. Omi ńkọ́? Bóyá ife kan péré, ìyẹn èyí tí mo fi lo oògùn ẹ̀fọ́rí.

Kílò 86 ni mí nígbà yẹn, mi ò sì ga. Mo ti gbìyànjú oríṣiríṣi nǹkan, mo ti mu tíì tí wọ́n ní ó ń fọ ikùn, mo ti fi ebi pa ara mi fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó jẹ ìlọ́po ẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, àmọ́ kò sígbà kankan tí mo wo ohun tí mò ń mu. Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́, torí ibi iṣẹ́ wa gan-an, tẹ́ ẹ bá kà wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lè má rí ẹni mẹ́ta tó ń mu omi bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ń jókòó ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́jọ dé márùn-ún mọ bó ṣe ń rí: AC kì í jẹ́ kéèyàn làágùn, òǹgbẹ ò sì ní gbẹ ẹ́ bíi tẹni tó wà nínú oòrùn, iṣẹ́ á gbà á lọ́kàn, kó tó mọ̀, ilẹ̀ ti ṣú.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan, torí irọ́ tí wọ́n ń pa lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pọ̀ jù. Omi kì í yọ́ ọ̀rá ikùn. Ì báà gbóná, ì báà tutù, ì báà jẹ́ pé ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i tàbí ẹ gún atalẹ̀ sí i, ọ̀rá tó wà lára ò ní tìtorí ẹ̀ bá ìtọ̀ jáde. Ohun tí omi ń ṣe ni pé kò ní kálórì kankan, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara, ó sì ń gbàyè mọ́ àwọn nǹkan tó ń mú wa sanra lọ́wọ́. Tó bá ti wà nínú ikùn kí oúnjẹ tó dé, oúnjẹ tẹ́ ẹ máa jẹ lè dín kù díẹ̀, tó bá sì wà lórí tábìlì níbi tí máàtì ì bá wà, ṣúgà inú máàtì yẹn ò wọ ara yín nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tó.

Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ní 2010, àwọn olùwádìí ní Virginia Tech l'Amẹ́ríkà mú àwọn tó ti lé díẹ̀ lọ́jọ́ orí, gbogbo wọn ń jẹ oúnjẹ tí kálórì ẹ̀ ò pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n wá ní kí apá kan nínú wọn máa mu omi ìdajì lítà kí wọ́n tó jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójúmọ́. Àwọn tó ń mumi yẹn fi bíi kílò méjì fúyẹ́ ju àwọn tí ò mu lọ. Ní 2015 àwọn ti University of Birmingham nílùú Ọba náà ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú ẹni 84 tó sanra gan-an, ìdajì lítà ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun, ọ̀sẹ̀ 12 bákan náà, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí jẹ́ kílò 1.3. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe kílò ogún. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun fi omi nìkan já kílò ogún láàárín oṣù kan, nǹkan míì wà níbẹ̀ tí kò sọ. Ṣùgbọ́n kílò kan àbọ̀ tàbí méjì tí ò ná yín ní nǹkan kan yàtọ̀ sí kẹ́ ẹ mumi kẹ́ ẹ tó jẹun, èmi ò lè fojú kéré ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ mú ike 50cl kan, ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Àwọn tó dùn dáadáa máa ń ní ṣúgà bíi gíráàmù 10 nínú 100ml, ìyẹn túmọ̀ sí pé gíráàmù 50 ló wà nínú ike kan ṣoṣo. Ṣíbí tíì kan ń gba bíi gíráàmù mẹ́rin, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó lé ní ṣíbí 12. Ta ló máa jókòó kó bu ṣúgà ṣíbí méjìlá sínú tíì kan? Àmọ́ a máa ń gbé e mì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó sì tún ní oúnjẹ ò tíì dé. Àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ṣúgà tí wọ́n fi sí oúnjẹ àti ohun mímu má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo kálórì tá à ń jẹ lójúmọ́, fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000, gíráàmù 50 náà nìyẹn, wọ́n sì ní tó bá lè dín sí ìdajì ẹ̀, ó dára jù. Ike kan ti gba gbogbo ẹ̀ tán, ẹ ò sì tíì jẹ bískíìtì o.

Kálórì 200 ló wà nínú ike yẹn, ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ iṣẹ́, ọjọ́ 22 lóṣù, ti mu kálórì 4,400. Ọ̀rá ara kílò kan jẹ́ bíi kálórì 7,700, torí náà ó lé ní ìdajì kílò lóṣù kan, lórí ìwé ṣá, torí ara kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò. Ìjọba àpapọ̀ ti fi owó orí náírà 10 lé lítà kan gbogbo ẹlẹ́rìndòdò oníṣúgà nínú Finance Act 2021, àmọ́ náírà mẹ́wàá ò lè dá èmi dúró nígbà yẹn, mi ò rò pé ó dá ẹnì kankan dúró. Àwa fúnra wa la máa dá ara wa dúró.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí ka lítà, ni pé kẹ́ ẹ mú ohun mímu aládùn kan tẹ́ ẹ máa ń mu lójoojúmọ́, ọ̀kan péré, kẹ́ ẹ fi omi rọ́pò ẹ̀. Èyí tí mo mú ni máàtì ọ̀sán. Mi ò fọwọ́ kan tíì àárọ̀ lákọ̀ọ́kọ́, torí mo mọ ara mi, tí mo bá gba gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní tó ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi máa padà sí gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan ni mo wá dín ṣúgà tíì láti kúùbù mẹ́rin sí méjì, nígbà tó yá ó di ẹyọ kan, báyìí tẹ́ ẹ bá fún mi ní tíì oníkúùbù mẹ́rin, mi ò lè mu ún.

Ó yá, omi mélòó? Kò sí iye kan tó bá gbogbo èèyàn mu. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, EFSA, sọ ní 2010 pé lítà 2 lójúmọ́ fún obìnrin, lítà 2.5 fún ọkùnrin, wọ́n sì ka omi tó wà nínú oúnjẹ mọ́ ọn. Ti Amẹ́ríkà jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, wọ́n ní 2.7 fún obìnrin àti 3.7 fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwọn náà ka oúnjẹ mọ́ ọn, bíi ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ẹ̀ ló ń ti inú oúnjẹ wá. Ògì tẹ́ ẹ mu láàárọ̀, ọbẹ̀, ọsàn, wọ́tà mẹ́lọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀ lomi. Tíì àti kọfí náà kà o, àwọn tó ń sọ pé wọn ò kà, wọn ò sọ òótọ́, ṣúgà inú wọn nìkan ni ìṣòro.

Fún àwa tá a wà níbí, ìṣirò ẹ̀ rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl. Mẹ́rin ẹ̀ ni lítà méjì. Báàgì kan ní ogún, ogún yẹn, tẹ́ ẹ bá pín in sí mẹ́rin-mẹ́rin, ọjọ́ márùn-ún gééré ni, láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, mo ra báàgì kan ti èmi nìkan, mo gbé e sábẹ́ tábìlì mi níbi iṣẹ́, inú ẹ̀ ni mo ti ń mú èyí tí mo máa mu nílé dání, mo sì sọ fún ara mi pé tó bá di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, kó ti tán. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé mo ti fẹ́ di olómi tútù ni, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹni méjì ti dá báàgì tiwọn náà. Kò sí áàpù kankan nínú fóònù tó ṣiṣẹ́ fún mi tó báàgì yẹn, torí ojú mi ló ń rí i. Tó bá di Wẹ́sìdé tí mo rí mẹ́rìndínlógún níbẹ̀, mo mọ̀ pé mo ti pa ara mi jẹ. Ẹni tó bá kéré lára tàbí tó ń jẹ èso dáadáa lè má nílò tó mẹ́rin o, mẹ́ta lè tó o, ẹni tó sì ń jáde lọ polówó ọjà nínú oòrùn ọ̀sán máa nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó máa sọ fún yín bóyá ó tó ni ìtọ̀ yín. Tó bá mọ́ bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n bu omi là, ó ti dáa. Tó bá pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ wá omi mu. Tó bá funfun bí omi ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ ti ń mu ún jù, ẹ rọra. Ẹni tó bá lo fítámì B, ìtọ̀ ẹ̀ lè pọ́n yòò bí ìyeyè, kẹ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ já láyà.

Nísinsìnyí ká wá bọ́ sórí ohun tí ò jẹ́ ká mumi gan-an, torí ẹ ò ní rí i nínú ìwé tí òyìnbó kọ: gósìlóò àti tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina niṣẹ́ mi. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni mo máa ń jí, tó bá fi máa di márùn-ún àbọ̀ mo ti wà nínú bọ́ọ̀sì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì mú wa ní Mile 12 tàbí lórí Third Mainland, wákàtí méjì lè kọjá kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n ọ́n nínú bọ́ọ̀sì lórí afárá? Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa, pàápàá àwa obìnrin, fi pinnu pé a ò ní mumi rárá, a máa ń rò pé ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n kọ́. Kì í ṣe pé ká má mumi, ká mọ ìgbà tá a máa mu ún ló kù.

Bí tèmi ṣe ń lọ rèé, kẹ́ ẹ wá fi wé tiyín. Tí mo bá jí ní mẹ́rin àbọ̀, kí n tó ṣe ohunkóhun, mo máa ń mu ìdajì píọ̀ wọ́tà, ìdajì péré, mo máa rọra mu ún. Kí n tó wẹ̀ kí n tó múra tán, èyí tó fẹ́ jáde nínú ẹ̀ á ti jáde, mo sì máa ń rí i dájú pé mo tọ̀ kí n tó ti ilẹ̀kùn ilé, ì báà má gbọ̀n mí. Nínú bọ́ọ̀sì mi ò kì í mu ju kí n fi tọ́ ẹnu wò lọ. Tí mo bá ti dé ọ́fíìsì ní bíi méje àbọ̀, ibẹ̀ ni ọjọ́ omi mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an: ìdajì tó kù ni mo máa ń mu láàárín ìgbà yẹn sí mọ́kànlá. Mi ò kì í da gbogbo ẹ̀ sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, torí téèyàn bá gbé 50cl mì gbàgà, kò ní pẹ́ jáde, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń mu ún díẹ̀díẹ̀, ara á lò ó, ẹ ò sì ní máa sáré lọ sáré bọ̀.

Aago méjìlá àbọ̀ ni mo máa ń mu odindi kan, torí aago kan la máa ń jẹun. Ibí yìí ni mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má fò, torí òun ni àwọn ará Birmingham yẹn yẹ̀ wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo dé búkà, mo ní kí ìyá olóúnjẹ fún mi ní àmàlà mẹ́ta bí mo ṣe máa ń ṣe, nígbà tí mo jẹ méjì tán ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ra, ẹ̀kẹta kàn ń wò mí ni. Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé ọbẹ̀ ò dùn lónìí ni?" Mo ní ọbẹ̀ dùn, mà, ikùn ló ti kún. Lọ́jọ́ kejì méjì ni mo rà. Mi ò fipá mú ara mi, ebi ò sì pa mí kí n tó délé, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń rà tẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé ibi iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé téèyàn bá mumi mọ́ oúnjẹ, oúnjẹ ò ní dà. Kò rí bẹ́ẹ̀, ikùn mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ lè mumi síwájú oúnjẹ, ẹ lè mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, èyí tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn ni.

Aago méjì sí mẹ́ta àbọ̀ ni mo máa ń mu ẹ̀kẹta tán, àkókò yẹn sì ni oorun máa ń kun gbogbo ọ́fíìsì, tí ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí wá gálà àti pọ́fù-pọ́ọ̀fù. Mo ti wá mọ̀ pé nígbà míì òǹgbẹ ló ń pè tí mo ń pè é ní ebi, nígbà míì sì rèé, kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, iṣẹ́ ló sú mi. Mo máa ń mumi díẹ̀, mo á dìde rìn lọ sí ọ̀dọ̀ dispenser tó wà lókè kejì, mo á dúró fún ìṣẹ́jú 15. Tí ebi bá ṣì wà, ebi ni, mo á jẹ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ má fi omi pa ebi gidi, ẹni tó bá ń fi omi pa ebi látàárọ̀ máa lọ fi ẹ̀bà gbẹ̀san lálẹ́.

Tó bá ti ku wákàtí kan àbọ̀ ká ṣíwọ́, mi ò kì í mumi mọ́. Mo máa lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jáde, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo máa gbé báàgì mi. Ẹ̀kẹrin di tilé, mo máa ń mu ún kí n tó jẹun alẹ́ àti nígbà tí mo bá ń jẹ ẹ́, mi ò kì í mu jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtọ̀ á jí mi ní aago méjì òru, oorun tí kò sì tó náà lè mú èèyàn sanra. Ní oṣù Rámádánì gbogbo ìlànà yìí á yí padà, ẹni tó ń gbààwẹ̀ á pín tiẹ̀ sí àárín ìṣínu àti sààrì, ife kan nígbà ìṣínu, òmíràn lẹ́yìn àṣàámù, díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó má jẹ́ pé lítà kan ló máa gbé mì ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí sààrì tó parí. Ìṣínu yẹn náà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jùsì sí.

Ọ̀rọ̀ tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn, mo fẹ́ sọ ọ́ síta nítorí ó ń dùn mí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tọ́lẹ́ẹ̀tì obìnrin kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo àjà kejì, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ẹni tó bá fẹ́ tọ̀ á lọ dúró níwájú tábìlì ẹ̀, á tọrọ kọ́kọ́rọ́ lójú gbogbo èèyàn, ọ̀gá yẹn á sì máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ pé "ṣé ìwọ náà lo tún dé?" Báwo lèèyàn ṣe máa mumi níbẹ̀? A máa ń mú un mọ́ra, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nígbà míì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ní àrùn ọ̀nà ìtọ̀ lọ́dún kan, tó ń ta mí bí ata, dókítà ló sọ fún mi pé mímú ìtọ̀ mọ́ra àti àìmumi tó wà nínú ohun tó ń fà á. Ìgbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo tó mọ̀ pé ó ti ṣe ẹni mẹ́rin nínú wa, gbogbo wa la dákẹ́. A kọ lẹ́tà, àwa mẹ́sàn-án la fọwọ́ sí i, a ò bú ẹnikẹ́ni, a kàn ní kí wọ́n ṣe kọ́kọ́rọ́ fún yàrá iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì máa gbé ọṣẹ síbẹ̀. Ó gba oṣù kan, wọ́n ṣe é. Torí náà tó bá jẹ́ pé tọ́lẹ́ẹ̀tì ni ìṣòro yín, ẹ má kàn fi ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀, ẹ kó ara yín jọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó tó yanjú, ẹ máa mú tíṣù àti ọṣẹ kékeré dání, kẹ́ ẹ sì máa lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán, tiwa máa ń mọ́ jù ní mẹ́jọ àárọ̀ àti méjì ọ̀sán.

Omi fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára píọ̀ wọ́tà tàbí ike kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn láti àárọ̀. Tó bá jẹ́ dispenser lẹ ní, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fọ inú ẹ̀ kẹ́yìn, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ike tí ẹ bá ń lò, ọṣẹ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ fọ ìdérí ẹ̀ náà, torí ibẹ̀ ni òórùn yẹn máa ń wà. Èmi fi máàkà fa ìlà mẹ́ta sára tèmi, mo kọ 9 sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́, 10 sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, 11 sísàlẹ̀, tí mo bá gbójú sókè kúrò níbi iṣẹ́, mo á rí ibi tó yẹ kí omi wà.

Tí omi lásán ò bá dùn mọ́ yín lẹ́nu, ẹ gé kùkúmbà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ ìdajì, tàbí atalẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ fọ́, kì í ṣe pé wọ́n ń yọ́ nǹkan kan, adùn lásán ni. Sóbò tẹ́ ẹ fúnra yín sè láìfi ṣúgà sí i náà dáa, ti ìta ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ṣúgà tó wà nínú àwọn kan ò kéré sí ti ẹlẹ́rìndòdò. Jùsì inú páálí tí wọ́n kọ èso gidi sí lára, ẹ ka ẹ̀yìn òun náà.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀lé ohun tí mo sọ láìbá dókítà wọn sọ̀rọ̀: ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ní ìṣòro, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wú, ẹni tó ní àìsàn ẹ̀dọ̀, àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú un tọ̀. Omi lè pọ̀ jù fún àwọn yìí. Ẹni tí ara ẹ̀ dá pàápàá ò gbọ́dọ̀ máa da lítà méjì mẹ́ta mu láàárín wákàtí kan, kíndìnrín ò lè yára tó bẹ́ẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á là, ó lè dá èèyàn wó, ó sì ti pa àwọn kan rí. Ẹ má kọjá nǹkan bíi lítà kan láàárín wákàtí kan, kẹ́ ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni ta gẹ́ẹ̀mù ta ló lè mu jù. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé òǹgbẹ ń gbẹ yín ṣáá, tẹ́ ẹ ń mu ún tẹ́ ẹ sì ń tọ̀ ṣáá, lóru lọ́sàn-án, tí kílò sì ń já láìjẹ́ pé ẹ ṣe nǹkan kan, ẹ má dúpẹ́ pé omi ló ń ṣiṣẹ́, ẹ lọ yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò, àtọ̀gbẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aláboyún nílò omi gan-an, àmọ́ kì í ṣe àsìkò tó yẹ kó máa wá bó ṣe máa fọn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á le díẹ̀. Ẹ ó máa lọ tọ́lẹ́ẹ̀tì léraléra, ó lè sú yín, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pín in bí mo ṣe sọ, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ìkẹta, á ti dín kù. Èmi lo oṣù mẹ́jọ kí n tó kúrò ní 86 bọ́ sí 79, mi ò sì ní sọ pé omi nìkan ni, mo dín àmàlà kù, mo jáwọ́ nínú máàtì, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀ dé ọ́fíìsì láìgun kẹ̀kẹ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gun ìwọ̀n, ọjọ́ kan náà, láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tọ̀, kẹ́ ẹ tó mu ìdajì píọ̀ wọ́tà àárọ̀ yẹn. Omi 50cl wúwo tó ìdajì kílò, mo ti gun ìwọ̀n lẹ́yìn tí mo mu méjì rí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún nígbà tí mo rí i pé kílò kan ti gorí ẹ̀.